Ìdòwú, Àwọn Ìbejì Dà?

Gbogbo Sátidé ni mo máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Yorùbá níbí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, nínú yàrá kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, láago mẹ́wàá sí méjìlá, ó ti ń wọ ọdún kẹsàn-án báyìí. Nǹkan tí mo kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí n pe rẹ́jísítà. Bébà tí wọ́n tẹ̀ fún mi ò ní àmì ohùn kankan lórí, bí orúkọ àwọn ọmọ ṣe wà nínú páásípọ́ọ̀tù wọn náà ló ṣe wà níbẹ̀, Ayo, Tobi, Sade, Dele, èmi ni mo máa ń dá ohùn padà sí i bí mo bá ṣe ń pè é, àwọn tó jẹ́ tuntun láàárín wọn á kọ́kọ́ máa wò mí, torí pé nílé ìwé tí wọ́n ń lọ láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, ẹnikẹ́ni ò pè wọ́n báyẹn rí.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan wọlé, ọmọ ọdún mẹ́jọ, Idowu lorúkọ ẹ̀. Mo pè é, ó dáhùn, mo wá bi í pé, "Ìdòwú, àwọn ìbejì dà?" Ọmọ yẹn lanu sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí, ta ló sọ fún yín?" Mo ní ìwọ lo sọ fún mi báyìí, ṣebí o ti jẹ́ orúkọ ẹ. Àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ méjèèjì, Táyé àti Kẹ́hìndé, ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, wọn ò tiẹ̀ bá a wá rárá. Ó ronú díẹ̀, ó ní kí wá ni orúkọ àwọn yòókù ń sọ, ni mo bá pa ẹ̀kọ́ tí mo ti múra sílẹ̀ tì, orúkọ àmútọ̀runwá la fi wákàtí méjèèjì ṣe, Ìgè, Òjó, Àìná, Dàda, Òkè, Àlàbá, ọmọbìnrin kan ní màmá àgbà òun máa ń pe òun ní Àìná, òun ti rò pé wọ́n kàn ń fi ṣeré ni.

Mo fi ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ṣíwájú torí pé rẹ́jísítà mìíràn wà tí mo ti ń kà láti bí ọdún mẹ́ta, tí àwọn tó wà nínú ẹ̀ ò lè dáhùn mọ́.

Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú ní 1807, ọkọ̀ ogun wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lé àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú lójú òkun, ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n rí mú, Freetown ní Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni wọ́n fà á lọ. Láti 1819, kóòtù kan wà níbẹ̀ tí àwọn adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì àti tàwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń jókòó, irú ẹ̀ wà ní Havana ní Kúbà náà. Wọ́n á kó àwọn èèyàn sọ̀ kalẹ̀, akọ̀wé á máa gbà wọ́n níkọ̀ọ̀kan, á fún un ní nọ́ńbà, á kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ bí etí òun bá ṣe gbé e, á kọ ọkùnrin tàbí obìnrin, ọjọ́ orí tí wọ́n fojú bù fún un, bó ṣe ga tó, ilà tàbí àpá tó bá wà lára ẹ̀, ó parí, ẹlòmíràn ló kàn. Orúkọ tó lé ní 91,000 làwọn òpìtàn ti rí kó jọ látinú àwọn ìwé yẹn. David Eltis wà lára wọn, òun àti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ náà ló ṣe àkójọ ìrìn àjò àwọn ọkọ̀ ẹrú lórí òkun Àtìláńtíìkì, ìrìn àjò tó lé ní 36,000, ìṣirò tí wọ́n bá bọ̀ ni pé nǹkan bíi mílíọ̀nù 12.5 èèyàn ni wọ́n kó wọkọ̀ ní Áfíríkà, nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.7 ló gúnlẹ̀ láàyè lódìkejì, Brazil nìkan gba nǹkan bíi mílíọ̀nù 4.9 nínú ẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ ara yín yọ iye tó gúnlẹ̀ kúrò nínú iye tó gbéra.

Nọ́ńbà yẹn tó ohun tí èèyàn á tìtorí ẹ̀ ju bírò sílẹ̀ kó sunkún. Síbẹ̀ orúkọ ni kì í jẹ́ kí n sùn. Àwọn tó kó orúkọ yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ síta pé àwọn nìkan ò lè dá a ṣe, torí bí akọ̀wé ṣe kọ ọ́ ti da gbogbo ẹ̀ rú, wọ́n ní kí àwọn tó gbọ́ èdè Áfíríkà wá wò ó, kí wọ́n pè é sókè, kí wọ́n sọ ibi tí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ti ń wá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Yunifásítì wà, owó ìwádìí wà, kọ̀ǹpútà wà, ó wá ku etí. Etí yẹn, ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọ̀yọ́ ní in.

Ìyá mi náà ní in. Ìbàdàn ló wà, ó ta aṣọ ní Gbági títí orúnkún fi ní ó tó, ìwé mẹ́fà ló kà. Alẹ́ Sọ́ńdè ni mo máa ń pè é lórí WhatsApp, màá ka orúkọ mẹ́wàá fún un bó ṣe wà nínú ìwé, láìfi ohùn sí i, òun á sì máa sọ èyí tó bá dá mọ̀. Ojo ni mo kọ́kọ́ kà fún un.

"Èwo ni Ojo? Òjò tó ń rọ̀ àbí Òjó?"

Mo ní èèyàn ni, Màmá, ọmọkùnrin ni.

"Òjó nìyẹn. Ìwọ́ ló kọ́ ọ lọ́rùn wá sáyé. Ìyá ẹ̀ á ti jẹ̀rora o." Ó dákẹ́, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó?" Mo sọ iye tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ó pẹ́ kó tó tún sọ̀rọ̀, mo tiẹ̀ rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti lọ.

Ohun tó sọ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Akọ̀wé wọn gíga ọmọ yẹn, ó wo àpá ara ẹ̀, ó rò pé òun ti kọ gbogbo ohun tó yẹ kí ìjọba mọ̀ sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹnìkan wà nínú yàrá kan nílẹ̀ wa, agbẹ̀bí kan tàbí ìyá ọkọ kan, tó fi ìka tú ìwọ́ kúrò lọ́rùn ọmọ yẹn kó má bàa kú mọ́ wọn lọ́wọ́, inú gbogbo ilé dùn, wọ́n ní Òjó nìyí, ìtàn yẹn wà lórí bébà níwájú akọ̀wé, òun fúnra ẹ̀ ló kọ ọ́, kò sì mọ̀. Ìgè, ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ. Àjàyí, ó dojú bolẹ̀ wá. Tí mo bá rí Táíwò, mi ò lè kọjá, màá wo orúkọ tó wà lókè ẹ̀ àti èyí tó wà nísàlẹ̀, màá ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e, bóyá Kẹ́hìndé wà nítòsí.

Àjàyí kan wà lára àwọn tó gba Freetown kọjá tí gbogbo wa mọ̀. Òṣogùn ni wọ́n ti kó o ní 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé Èkó, ọkọ̀ àwọn Pọtogí ni wọ́n fi ń gbé e lọ kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà wọ́n ní April 1822. Nílé ìwé wọ́n kọ́ wa pé Bíṣọ́ọ̀bù Crowther ló túmọ̀ Bíbélì, òtítọ́ ni pé ó ṣe púpọ̀ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí mi ò ronú kàn rí títí mo fi dàgbà ni pé òkè òkun ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí èdè wa. Ní Freetown, Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ìjẹ̀ṣà, Ìjẹ̀bú, nílé kálukú ń jẹ́ orúkọ ìlú ẹ̀ ni, Yorùbá gan-an Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, nígbà tí gbogbo wọn wá dé ibì kan náà tí wọ́n ń kí ara wọn, ẹ kú àárọ̀, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ewu, àwọn ará Sàró gbọ́ "kú" yẹn, wọ́n sọ gbogbo wọn ní Àkú. Àárín àwọn èèyàn yẹn ni Crowther ti ń kó ọ̀rọ̀ jọ. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá ẹ̀ jáde ní 1843, ní January 1844 ó ṣe ìsìn ní Yorùbá ní Freetown, ìgbà tó di 1846 ló tó dé Abẹ́òkúta, ọdún yẹn náà ló tún fojú kan Àfàlà ìyá ẹ̀, lẹ́yìn bí ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ìdí nìyẹn tí ara mi kì í fi í gbà á tí wọ́n bá ní àwọn òyìnbó ló dá ìmọ̀ nípa àwọn ọmọ Áfíríkà tó fọ́n káàkiri sílẹ̀ nínú yunifásítì wọn. Àwọn tí wọ́n jí gbé gan-an ló kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n jókòó ní ìlú onílùú, wọ́n bi ara wọn pé báwo lẹ ṣe ń pe nǹkan yìí níbi tẹ́ ẹ ti wá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí mo tẹ̀ síbí yìí tí kò jẹ nínú iṣẹ́ wọn.

Nínú gbogbo àwọn tó tún ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́yìn wọn, ẹni tí mo fẹ́ràn jù ni Lorenzo Dow Turner. Èèyàn dúdú ni, ọmọ Amẹ́ríkà, North Carolina ni wọ́n bí i sí ní 1890, olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni, ní yunifásítì Fisk. Ní 1929 ó lọ kọ́ni lásìkò ooru ní South Carolina, ó gbọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, etí ẹ̀ sì nà. Gullah ni wọ́n ń sọ, èdè àwọn dúdú tó ń gbé àwọn erékùṣù etíkun South Carolina àti Georgia. Àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó ti kọ̀wé lórí èdè yẹn ṣáájú ẹ̀, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì àwọn mẹ̀kúnnù òyìnbó ayé àtijọ́ ló wà níbẹ̀, pé àwọn ẹrú ò lè pè é dáadáa ni, pé wọn ò mú nǹkan gidi kan bọ̀ láti Áfíríkà. Àwọn tó ń sọ èyí ò gbọ́ Mende tí wọ́n ń sọ ní Sàró, wọn ò gbọ́ Wolof tí wọ́n ń sọ ní Senegal, wọn ò gbọ́ Yorùbá. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ dá ohun tí kò gbọ́ rí mọ̀ tó bá bá a pàdé lójú ọ̀nà?

Turner gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀, láti 1932 ló ti ń lọ láti erékùṣù dé erékùṣù, ó ń jókòó ti àwọn àgbàlagbà. Nígbà tó rí i pé etí òun ò tíì tó, ó wọkọ̀ wá sí Lọ́ńdọ̀nù tí mo wà yìí ní 1936, ó lọ jókòó sí SOAS, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Áfíríkà àti Éṣíà, bí ọmọ ilé ìwé, ó ń kọ́ èdè Áfíríkà, ọkùnrin tó ti di ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta.

Ohun tó bá pàdé lọ́dọ̀ àwọn Gullah, ẹ máa gbọ́ ilé nínú ẹ̀. Ọmọ á ní orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ nílé ìwé àti níwájú òyìnbó, á tún ní orúkọ mìíràn tó jẹ́ tilé, èyí tí ìyá fi ń pè é wá jẹun, orúkọ yẹn kì í jáde sétí àlejò. Àwọn tó wá ṣèwádìí ṣáájú, orúkọ ìta ni wọ́n gbé lọ. Turner tó jẹ́ dúdú bíi tiwọn, tó ní sùúrù, tó bèèrè orúkọ kó tó bèèrè ohunkóhun, wọ́n fún un ní tilé. Ìwé ẹ̀ jáde ní 1949, nǹkan bíi 4,000 ọ̀rọ̀ tó tọ orírun wọn lọ sí Áfíríkà ló wà nínú ẹ̀, orúkọ èèyàn ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn yẹn ò ní ilé tí wọ́n lè wò mọ́, ẹlòmíràn ló ni ilé, ẹlòmíràn ló ni ilẹ̀, ẹlòmíràn ló ni ọmọ gan-an, wọ́n ṣì ń sọmọ lórúkọ.

Orin kan wà nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Amelia Dawley ló kọ ọ́ fún un ní Harris Neck ní Georgia, àwọn ará ilé ẹ̀ ló kọ́ ọ lọ́mọdé, kò mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Turner wádìí títí ó fi mọ̀ pé Mende ni, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé. Orin yẹn jókòó sínú ìwé fún ọ̀pọ̀ ọdún kí àwọn olùwádìí mẹ́ta kan ní Sàró tó tún gbé e jáde, Joseph Opala, Cynthia Schmidt àti Tazieff Koroma. Koroma tó jẹ́ onímọ̀ èdè ló gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú orin náà tó sọ fún un apá ibi tí wọ́n ti ń sọ irú Mende bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo o. Wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé lápá ibẹ̀ títí wọ́n fi dé Senehun Ngola, obìnrin kan, Bendu Jabati, gbọ́ orin náà, ó bá wọn kọ ọ́, ìyá ìyá ẹ̀ ló fi lé e lọ́wọ́, orin ibi ìsìnkú ni. Ní 1997 Mary Moran, ọmọ Amelia, gbéra láti Georgia lọ bá a níbẹ̀. Bí mo ṣe ń tẹ èyí ara mi ń gbọ̀n. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n lè gbàgbé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń sin òkú ló kù.

Ní 1940 Turner tún gbé ẹ̀rọ ẹ̀ lọ sí Bahia ní Brazil, òun àti E. Franklin Frazier tó jẹ́ onímọ̀ nípa àwùjọ, dúdú bíi tiẹ̀. Níbẹ̀ ló ti bá bàbá àgbàlagbà kan, Martiniano Eliseu do Bonfim, ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Bahia ni wọ́n bí i sí, ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n kó lẹ́rú ni bàbá àti ìyá ẹ̀, ní 1875 bàbá ẹ̀ gbé e lọ sí Èkó, ó kàwé níbẹ̀, ó lò bí ọdún mọ́kànlá kó tó padà. Ọjẹ́ladé lorúkọ tilé ẹ̀. Babaláwo ni, ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ àwọn ọmọ dúdú ní Bahia. Ó sọ̀rọ̀ Yorùbá sínú ẹ̀rọ Turner, ohùn ẹ̀ wà ní yunifásítì Indiana dòní.

Ìtàn Martiniano yìí tún èrò mi ṣe gan-an ni. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa tẹ́lẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ, ìlẹ̀kùn tì, ohun tí wọ́n gbé dání náà ni wọ́n ń pọ́n lá títí ó fi ń tán lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń lọ láti Èkó sí Bahia, ó ń bọ̀. Àwọn kan padà wálé, pàápàá lẹ́yìn tí àwọn Mùsùlùmí dìde ogun ní Bahia ní January 1835, Malê ni wọ́n ń pè wọ́n, ìmàle wa yìí náà ni. Ẹ rìn ní Pópó Àgùdà l'Ékòó, ẹ wo mọ́sálásí Shitta Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, ọwọ́ ọmọlé tó wá láti Brazil ló kọ́ ọ. Olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà, J. Lorand Matory, kọ ọ́ ní 1999 pé àwọn bíi Martiniano wà lára àwọn tó mú èrò pé Yorùbá jẹ́ ìran kan ṣoṣo láti Èkó lọ sí Bahia, pé òkè òkun àti ilé jọ ń mọ ara wọn ni. Mo fara mọ́ ọn, torí Crowther náà ti ṣe irú ẹ̀ láti Freetown.

Frazier àti òyìnbó kan tó dé Bahia lẹ́yìn wọn, Melville Herskovits, jà lórí ìwé ní 1942 àti 1943, lórí ìdílé àwọn dúdú ibẹ̀. Frazier ní kì í ṣe Áfíríkà ni wọ́n ti mú bí wọ́n ṣe ń gbé ilé wọn wá, Herskovits ní ibẹ̀ ni. Ilé òrìṣà kan náà, Gantois, làwọn méjèèjì ti bá èèyàn sọ̀rọ̀. Títí dòní wọ́n ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní ìjà yẹn, ohun tó dára ni, ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ tan ohùn Martiniano fún wọn ná.

Nígbà tó di 1959 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní yunifásítì Bahia fún ìmọ̀ nípa Áfíríkà àti ìlà oòrùn ayé, CEAO ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí wọ́n mú wá kọ́ Yorùbá níbẹ̀ ni Ebenezer Látúndé Láṣebìkan, ọmọ Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilé òrìṣà wá jókòó sí kíláàsì yẹn. Ẹ fojú inú wò ó, èèyàn tó ti ń kọrin fún Ṣàngó láti kékeré, tó mọ ìgbà tí wọ́n ń kọ orin kọ̀ọ̀kan, tó mọ ijó ẹ̀, tó mọ oúnjẹ tó bá a lọ, tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ ti sọnù díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn tó kọ́ ọ, ó wá jókòó lórí bẹ́ǹṣì, tíṣà kọ "omi" sójú pátákó, kọ "ilé", kọ "ìyá". Èmi náà máa ń kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn sójú pátákó ní gbogbo September, mo sì máa ń rántí Láṣebìkan.

Etí náà máa ń ṣìnà o, kí n sọ òtítọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn Turner fi hàn pé inú díkíṣọ́nárì ló ti rí ìtumọ̀ àwọn orúkọ kan, pé tí ìró méjì bá ti jọra ó máa ń gbà á, tí ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ò sì lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó sọ nípa Mende àti àwọn ará Sàró dúró gbọn-in, àwọn mìíràn ò dúró. Èmi náà, orúkọ kan wà tí mo ti fi ọwọ́ sọ̀yà pé tiwa ni, mo ti kọ ọ́ sínú ìwé mi, Màmá ní rárá, kí n fi orúkọ olórúkọ sílẹ̀, pé àwọn Ègùn ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun àti obìnrin Àgbádárìgì kan jọ ta aṣọ fún ọdún mẹ́rìndínlógún, orúkọ bàbá ẹ̀ nìyẹn. Mo pa á rẹ́. Tí mo bá gba ọmọ ẹlòmíràn kún tiwa nítorí pé mo fẹ́ ká pọ̀, kí ni mo fi yàtọ̀ sí akọ̀wé?

Ohun kan wà tó ń dùn mí. Mo kọ̀wé lẹ́ẹ̀kan sí ibì kan nílùú òyìnbó níbí tí wọ́n tọ́jú àwọn ohùn àtijọ́ sí, mo ní mo fẹ́ gbọ́ àwọn tó jẹ́ Yorùbá níbẹ̀, wọ́n ní kí n mú lẹ́tà wá láti yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kankan, mo ń kọ́ ọmọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ṣàlàyé fún wọn pé mo lè sọ ohun tí àwọn èèyàn yẹn ń wí, pé tó bá jẹ́ Ìbàdàn tàbí Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì ni, etí mi á mọ̀. Wọn ò fèsì mọ́. Ìwé tí wọ́n sì ń kọ lórí ọ̀rọ̀ wa, owó ni wọ́n ń gbà kí èèyàn tó lè ka púpọ̀ nínú ẹ̀, ẹni tó wà ní Ṣakí tàbí ní Kétu ò ní rà á láéláé. Ó yẹ kó yí padà. Mi ò lè yí i, ohun tí mo lè ṣe ni kí n máa ka orúkọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni mo mú orúkọ kan tí kò sí nínú rẹ́jísítà Freetown lọ bá Màmá. Ní 1860, ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ Clotilda kó bí 110 èèyàn láti Ouidah, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin báyìí, lọ sí Alabama ní Amẹ́ríkà, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí òfin Amẹ́ríkà ti ní kí wọ́n má kó ẹrú wọlé mọ́, òun ni ọkọ̀ ẹrú tó gbẹ̀yìn tí a mọ̀ pé ó dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹ̀ tí kò ju bí ọmọ ọdún méjì lọ, òun àti ìyá ẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin. Matilda McCrear ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí lọ́hùn-ún. Olùwádìí kan ní England, Hannah Durkin, ló to ìtàn ẹ̀ pọ̀ ní 2020. Wọ́n ta méjì nínú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ síbòmíràn, wọn ò rí wọn mọ́. Ilà wà lójú ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń di irun nílé ló ṣe ń di tiẹ̀ títí ọjọ́ alẹ́. Nígbà tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rin bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma, ó ní kí wọ́n san nǹkan fún òun lórí ohun tí wọ́n fojú òun rí. Wọn ò fún un. January 1940 ló kú, ọdún tí Turner gbéra lọ sí Bahia láti lọ wá àwọn tó ṣì gbọ́ èdè. Fisk tó ti ń ṣiṣẹ́, Tennessee ló wà, Tennessee àti Alabama pààlà.

Orúkọ tilé ẹ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni Abake.

Mo kà á fún Màmá bó ṣe wà. Kò bi mí pé èwo ni. Ó ní, "Àbákẹ́," kíákíá, bí èèyàn ṣe ń ké pe ọmọ tó fẹ́ ṣubú. Ó ní ẹni tí gbogbo ilé á bá wọn kẹ́ ni, pé oríkì ni, wọn kì í fi pe ọmọ tí wọ́n bá ń bínú sí i. Ó ní kí lorúkọ ìyá ẹ̀.

Mo ní Gracie ni wọ́n kọ.

"Ìyẹn kọ́. Èyí tó ń jẹ́ nílé."

Mo ní kò sí nínú ìwé, Màmá.

Kò sọ nǹkan kan. Mo ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì wọn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ yẹn jẹ́jẹ́, Àbákẹ́, Àbákẹ́ o, pẹ̀lú ohùn tó fi máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí ó bá jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní mi tó ń kì mí kí n tó dìde. Ó tó ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún tó pè é. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka àwọn tó kù.